Owó-Ẹ̀mí Tí Ó Wà Lórí Fenna

Bí Fenna bá sín ní òpópónà àwọn apẹja ní ìlú Sandwerf, kì í ṣe pẹ̀lẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ kí i. Trijn, arúgbó aládùúgbò tí ń tún àwọ̀n ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ni yóò gbé orí sókè, tí yóò sì fi ohùn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ti mú kí ó há pariwo pé:

"Ẹ gbé garawa wá o! Òrùlé Machteld ti ń jò!"

Gbogbo àdúgbò a sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Fenna wà lọ́mọdé, òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ohun ìwúrí ni lójú ọmọdé pé kí orúkọ òun máa wà lẹ́nu tolórí tẹlẹ́mù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di obìnrin, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ kejì jó, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a kò fọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Ilẹ̀gbóná, àrùn tí àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, ni ó pa bàbá àti ìyá Fenna ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó mú ọmọ náà pẹ̀lú, ó jẹ ẹ́ lójú, ó jẹ ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó tú u sílẹ̀. Machteld, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ni ó lọ gbé e wá sí ilé tirẹ̀. Opó ni Machteld. Ọkọ rẹ̀ tí ń lọ́ okùn ọkọ̀ ojú omi ti kú, ó fi ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joris sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ okùn gbọọrọ kan lẹ́yìn odi ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà kí obìnrin máa pàṣẹ fún wọn. Èyí tí ó bá ní kí wọ́n lọ́ nípọn, wọn a lọ́ ọ tín-ín-rín. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó tà á.

Ọdún tí ó tà á gan-an ni òkun ya odi omi ìlú. Ìgbìmọ̀ Sandwerf nílò owó láti mọ odi mìíràn, wọn kò sì fẹ́ fi kún owó orí, nítorí pé ìlú ti ń kùn bí oyin. Wọ́n wá polongo ohun tí àwọn ìlú ilẹ̀ náà máa ń polongo nígbà tí àpò bá gbẹ: ẹni tí ó bá ní owó kí ó kó o wá. Kò ní rí odindi rẹ̀ gbà mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n kí ó yan orí ẹnìkan, ìbáà ṣe orí ara rẹ̀, ìbáà ṣe ti ọmọ rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà bá ń mí, ìlú yóò máa san iye kan fún olówó lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí mímí bá dúró, sísan dúró. Owó-ẹ̀mí ni wọ́n ń pè é.

Machteld jókòó, ó wo àwọn ọmọ méjèèjì tí ó wà nínú ilé. Joris ni ọmọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbà òtútù bá ti dé, àyà Joris a máa hu bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó wo Fenna, tí ojú rẹ̀ rí bí iyanrìn tí òjò pa. Ó mọ̀ pé ẹni tí ilẹ̀gbóná bá ti mú rí, kò tún ní í mú un mọ́. Igi tí ìjì ti gbọ̀n tí kò wó, ara rẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń so àgbò mọ́. Ó kó owó okùn lọ fún ìlú, ó sì ní kí wọ́n kọ Fenna.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń jẹ nínú èémí ọmọbìnrin kan. Búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ, iná tí wọ́n ń yá, owó tí Joris fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ihò imú Fenna ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tí omi inú ìlú bá dì, tí tọmọdé tàgbà bá so irin mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà tí wọ́n ń yọ̀ lórí rẹ̀ fẹẹrẹ bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ojú fèrèsé ni Fenna máa ń dúró sí. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ gun àkàbà. Kò gbọdọ̀ lọ kí aláìsàn. Omi adìyẹ gbígbóná ni wọ́n ń gbé ka iwájú rẹ̀ ní àràárọ̀, nígbà tí Machteld fúnra rẹ̀ ń fi bíà ti búrẹ́dì gbígbẹ sọ́nà ọ̀fun. Lọ́dọọdún, kí ìlú tó sanwó, Machteld a mú un lọ sí ilé ìgbìmọ̀, kí akápò ìlú lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó ń mí.

"Fenna, ṣé o wà?" ni akápò máa ń wí.

"Mo wà, alàgbà."

"Ó dùn mọ́ ìyá rẹ nínú. Kò dùn mọ́ ìlú rárá."

Akápò a sì rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀ títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Fenna kò lè sọ pé wọ́n fi ìyà jẹ òun. Ọmọ wo ni wọ́n ń fún ní adìyẹ tí yóò pè é ní ìyà? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó máa ń gbé sùn tí ó sì máa ń gbé jí: bí ó bá jẹ́ pé orí Joris ni wọ́n kọ owó náà lé, ta ni ìbá máa mu omi adìyẹ?

Sibrand, ọ̀dọ́kùnrin tí ń kan àgbá tí wọ́n ń kó ẹja oníyọ̀ sí, ni ó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ tí kò bi í léèrè ìlera rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ni. Ó ní, "Fenna, wọ́n ní o lè ka ìwé. Ṣé o lè bá mi ka ìwé tí alátakò mi lẹ̀ mọ́ ògiri mi yìí?" Èébú ni alátakò náà kọ, kò sì sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí Sibrand kò mọ̀ ọ́n kà. Fenna kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì ṣẹ́jú, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì fi lé wọn kúrò níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀.

Nígbà tí ó yá, Sibrand wọ aṣọ tí ó dára jù nínú èyí tí ó ní, ó wá sí ilé Machteld. Fenna wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń gé kárọ́ọ̀tì sínú ìkòkò. Joris wà ní ojú fèrèsé, ó ń rán aṣọ.

Machteld wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá."

"Aṣọ dúdú tó o wọ̀ yìí ńkọ́?"

"Èyí tí mo ní nìyẹn, ìyá. Ọ̀rọ̀ Fenna ni mo bá wá."

"Kí ló ṣe é?" Machteld ti dìde. "Ṣé ó ṣubú? Fenna, o ṣubú?"

"Kò ṣubú, ìyá. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni."

Machteld tún jókòó. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kò bínú. Bí ẹni tí ń ṣàlàyé ojú ọjọ́ fún àlejò ni ó ṣe.

"Sibrand, mi ò bá ẹ jà. O lówó ọwọ́, o níṣẹ́, o kì í mutí ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ tó o bá fẹ́ ẹ, wàá fún un lóyún."

Etí Sibrand pọ́n bí iná. "Ìyá... bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Ọlọ́run máa ń fẹ́! Ìyẹn ò ṣòro fún un. Dìde, lọ sí ẹnu ọ̀nà, kó o ka ilé òpópónà yìí fún mi, ìwọ ni kó o sọ èyí tí wọn ò tíì gbé obìnrin jáde látorí ìkúnlẹ̀ rí. Tó bá kú sí ẹ lọ́wọ́, wàá sunkún, mo mọ̀. Nígbà tó bá tún yá, wàá fẹ́ ẹlòmíì. Àwa ńkọ́? Kí la fẹ́ máa jẹ? Kí ni Joris fẹ́ jẹ?"

"Ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀ o, ìyá," ni Joris wí láì gbójú sókè.

"Ìwọ, panu mọ́, kó o jẹ búrẹ́dì tí ẹ̀mí ẹlẹ́mìí rà fún ẹ."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Fenna. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọjú sí i láti bi í pé, ìwọ ńkọ́? Sibrand nìkan ni ó yíjú wò ó nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Màá dúró, Fenna. Àgbá tí wọ́n bá kánjú kàn, jíjò ló máa ń jò."

Trijn gbọ́ ọ níta. "Sibrand! Dúró de ìgbà tí ìlú bá dá a sílẹ̀ o! O ò mọ̀ pé aya ìlú ni?"

Sibrand dúró lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ìyàwó ni ó pè é jókòó, kò jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di ọdún tí ọba Faransé kó ogun wọ ilẹ̀ náà, tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ṣí odi omi sílẹ̀ kí omi lè bo oko, kí ẹsẹ̀ ọmọ ogun má baà rí ilẹ̀ tẹ̀. Ogun ń gbé owó mì bí erin ti ń gbé omi mì. Ọmọ ogun fẹ́ jẹun, ìbọn fẹ́ jẹ ẹ̀tù. Ìgbìmọ̀ Sandwerf kéde pé kí àwọn tí ń gba owó-ẹ̀mí ṣe sùúrù.

Machteld gbọ́ ìkéde náà ní ilé ìgbìmọ̀, ó sì rìn padà sílé. Ó jókòó láì bọ́ bàtà onígi tí ó wọ̀ níta, ẹrẹ̀ sì ń kán sórí ilẹ̀ tí òun tìkára rẹ̀ ti fọ̀ ní àárọ̀. Fenna wo ẹrẹ̀ náà, ó mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

"Títí dìgbà wo, ìyá?"

"Wọ́n ní títí ogun á fi parí."

"Ogun á parí nígbà wo?"

"Ṣé èmi ni mo pe Faransé ni?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta nǹkan: aṣọ ibùsùn tí ó sàn díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ, àga tẹ̀ lé e. Ẹran kúrò nínú ìkòkò. Nígbà náà ni Fenna bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ohun tí wọn yóò gbé ka iwájú rẹ̀. Nísinsìnyí tí èémí rẹ̀ kò mú ohunkóhun wọlé, yóò mọ ẹni tí wọ́n ti ń bọ́ láti ìgbà yìí wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Machteld gbé abọ́ kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi adìyẹ ni. Adìyẹ ẹyọ kan tí ó kù lẹ́yìnkùlé, èyí tí ń yé ẹyin fún wọn, òun ni ó ti pa.

Fenna ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Kí lẹ tún ń fún mi ní eléyìí fún?"

"Mu ún kó tó tutù."

"Ìyá, owó ò wọlé mọ́. Tí mo bá kú lónìí, kò dín nǹkan kan kù nínú ilé yìí. Abọ́ kan ló máa kù tẹ́ ẹ máa fọ̀."

Machteld gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí yóò gbá a létí. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì.

Fenna kò lè dáwọ́ dúró mọ́. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ bi yín. Owó yẹn lẹ ń bọ́, àbí èmi?"

Bí ó bá ṣe pé ẹlòmíràn ni, ì bá ti dáhùn kíákíá pé ìwọ ni, ọmọ mi, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Machteld kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ mọ́," ni ó wí. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ wá, mo mọ èyí tó jẹ́ èyí. Nígbà tó o bá wúkọ́ lóru, mo máa ń sáré wá, mi ò sì mọ èyí tí mo ń sáré sí mọ́. Ìkòkò kan náà ni mo ti sè wọ́n, Fenna. Ta ló lè yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tó ti jinná?"

Fenna ì bá fẹ́ kí ó purọ́ fún òun. Ó gbé abọ́ náà, ó mu ún, kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó rí i pé èsì náà ṣeé gbé rìn. Kò wúwo tó ìbéèrè tí ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ìlú tún kéde. Fàdákà ni wọ́n ń wá, láti yọ́ kí wọ́n fi rọ owó fún àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí ó bá kó fàdákà ilé rẹ̀ wá yóò rí owó-ẹ̀mí rẹ̀ gbà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yí ohunkóhun padà nínú àdéhùn rẹ̀, ìlú yóò gbọ́ tirẹ̀. Machteld ṣí àpótí. Ó kó ife fàdákà tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó kó ṣíbí, ó tú ẹ̀wọ̀n tí ó fi ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó sì gbé e lé Fenna lọ́wọ́. Òun àti Joris ti jọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní alẹ́ àná, Fenna kò sì bèèrè. Ó rò pé ìlọ tí àwọn ń lọ lọ́dọọdún náà ni.

Èrò kún ilé ìgbìmọ̀. Olúkúlùkù fi aṣọ bo ti ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó gbé òkú ọmọ dání, ẹnìkan kò sì wo ojú ẹnìkejì. Nígbà tí ó kan wọ́n, akápò wọn fàdákà náà, ó sì gbé ojú sókè.

"Fenna, ṣé o wà?"

"Ó wà," ni Machteld dá a lóhùn. "Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò."

Akápò rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ kọ tèmi síbẹ̀. Kí owó yẹn kúrò lórí ẹ̀ kó bọ́ sórí mi. Ẹ ní ẹ máa gbọ́ tẹni tó bá fẹ́ yí i."

"Ìyá." Akápò bọ́ awò ojú rẹ̀. Ènìyàn rere ni, àwàdà rẹ̀ nìkan ni kò dára. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ yìí le bí òkúta, ó lè lo ogójì ọdún sí i. Tẹ́ ẹ bá sùn tẹ́ ò jí, ó parí nìyẹn. Ìlú ló máa jèrè."

"Kí ìlú jẹ ẹ́. Ṣé ogun kọ́ ló wà níta ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀?"

"Ó fẹ́ lọ́kọ," ni Machteld wí. "Joris ti mọ aṣọ rán. Ó ní òun á máa bọ́ mi, tó bá sì purọ́, òun náà á rí mi. Ẹ kọ ọ́."

Akápò kọ ọ́. Fenna dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, Machteld sì dá a lẹ́nu.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹrù tí mo gbé lé ẹ lórí ni mo sọ̀. Wọn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ẹrù ara ẹ̀."

Kò pẹ́ tí àdúgbò gbọ́, ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ Fenna sì yí sí ọ̀dọ̀ Machteld. "Machteld, má bínú mọ́ o!" ni Trijn máa ń ké. "Ìbínú ń pa àgbà! Jẹ́ kí owó-ẹ̀mí rẹ kọ́lé fún Joris ná!" Machteld bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ wé ọrùn, ó sì ń gba ọ̀nà tí kò yọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò lẹ́yìn náà. Akápò tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ.

Fenna àti Sibrand ṣègbéyàwó kí omi tó dì. Nígbà tí ó dì, Sibrand so irin mọ́ bàtà Fenna, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì bọ́ sórí rẹ̀. Kí wọ́n tó dé abẹ́ afárá, Fenna ti ṣubú, ó ti fi orúnkún gbá yìnyín. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń retí ariwo. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé igi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí Sibrand fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Ní ìkórè ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ náà sì le. Láti òwúrọ̀ ni agbẹ̀bí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Trijn ń gbé omi gbígbóná wọlé, ó ń gbé e jáde, kò sì dápàárá kankan. Láàárín ìrora kan sí òmíràn, Fenna ń gbọ́ òòlù Sibrand láti ẹ̀yìn ògiri pákó, níbi tí ó ti ń kan àgbá tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn Machteld pẹ̀lú, tí ń sọ fún un pé kí ó dá òòlù dúró, tí ó tún ń sọ fún un pé kí ó má dá a dúró.

Nígbà tí ọmọ náà ké, òòlù dúró. Fenna gbọ́ ẹsẹ̀ Trijn tí ó sáré jáde.

"Ọkùnrin ni! Machteld, ọkùnrin làǹtì-lanti!"

"Ṣé mo bi ẹ́ léèrè ọmọ ni? Fenna ńkọ́?"

"Ó wà láyé. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Lẹ́yìn ògiri pákó náà, Fenna gbọ́ ẹnìkan tí ń fọn imú sínú aṣọ. Kò sí owó kankan lórí èémí rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ti ìlú, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ó ti lè ṣe mọ.

"Ìyá, ẹ wọlé. Òtútù wà níta."

Machteld wọlé. Agbẹ̀bí na ọmọ sí i, ó kọjá lára agbẹ̀bí. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Fenna, ó fi kan ọrùn rẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O pẹ́ jù nídìí ẹ̀," ni ó wí. "Ọkọ ẹ ti ba igi àgbá jẹ́ tán."

"Ìyá, ẹ ò ní wo ọmọ ni?"

"Màá wò ó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ẹ́ tán."